Ọjọ́ tí Àjàyí Kọ́kọ́ Fi Yorùbá Wàásù

Èmi kò gbà pé gbígbọ́ èdè nìkan tó fún ẹni tí yóò dìde níwájú àwùjọ. Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó sì dé Sàró ní 1822. Ní 1843 a tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde. Ọdún náà ni ó di àlùfáà. Ta ni ì bá rò pé Yorùbá lè dẹ́rù bà á? Síbẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní, 1844, tí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá wàásù ní Freetown, òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe ni òun dà bí ọmọ ọwọ́ tí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ́ iṣẹ́ ìwàásù. (Mo mọ ìdààmú yẹn: lórí pèpéle ẹgbẹ́ wa níjọ́sí, Yorùbá há mi lọ́fun.) Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbọ́ ọ ni a ti gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú bí a ti gba òun náà. Àjàyí kò tìtorí ẹ̀rù sá padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó ti súre tán, ìjọ gbé ohùn sókè: “Kí ó ṣẹ!”