Ìṣirò Táìlì Ilẹ̀: Páálí Mélòó Ni Yàrá Yóò Jẹ?

Ìṣirò táìlì ilẹ̀ ni wíwọn yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí àtẹ̀gùn kí onílé tó lọ sọ́jà, kó lè mọ iye páálí táìlì tí yóò rà àti iye símẹ́ǹtì àti yanrìn tí yóò gbé e dúró. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, àmọ́ táìlì ló gba ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá, òun ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ jù níhìn-ín. Ẹni tó bá rà jù ti gbé owó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó yóò padà sọ́jà, kò sì dájú pé àwọ̀ tó rà lánàá ni yóò bá níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni pé kí a fi oòró sọ ìbú di púpọ̀, kí a sì pín in fún iye tí páálí kan ń bò. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì wà létí ògiri, níbi tí wọ́n ti ń gé táìlì, ibẹ̀ sì ni owó ti ń jò.

Wíwọn ilẹ̀

Ilẹ̀ yàrá fúnra rẹ̀ ni a ń na téèpù sí, kì í ṣe ìwé àwòrán ilé. Bí ayàwòrán ilé bá kọ 3600, ìyẹn ní mìlímítà, sára yàrá, láti ojú búlọ́ọ̀kù kan sí ojú búlọ́ọ̀kù kejì ló sábà ń sọ. Nígbà tí bíríkìlà bá rẹ́ ògiri tán, ó ti jẹ sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ tàbí méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ilé ni wíwọn tó ṣeé gbára lé ń bẹ̀rẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ó yẹ kí a ti wọn oòró, ibi mẹ́ta fún ìbú náà, kí a sì mú èyí tó gùn jù. Lẹ́yìn náà, kí a na téèpù láti igun kan dé igun tó kojú rẹ̀, kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún igun méjì yòókù. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, yàrá náà wọ́, a jẹ́ pé gígé yóò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Èdè ẹsẹ̀ bàtà ni onílé àti bíríkìlà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, mítà ló sì wà lára páálí. Ẹsẹ̀ bàtà 1 jẹ́ mítà 0.3048. Yàrá tí a ń pè ní 12 lọ́nà 12, tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 13.4. Àwọn kan máa ń ka ẹsẹ̀ bàtà 10 sí mítà 3 kó lè rọrùn láti ṣírò. Ìyẹn nìkan ti gé nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ilẹ̀ náà kí a tó ra ohunkóhun.

Bí yàrá bá ní kọ̀rọ̀ tó yọ síta, a ó pín in sí onígun mẹ́rin méjì tàbí mẹ́ta, a ó ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì pa wọ́n pọ̀. Abẹ́ ẹnu ọ̀nà wà lára ilẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù 9 ìǹṣì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22.5, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn yóò sì gba táìlì tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé rẹ̀.

Páálí àti etí ògiri

Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń pe táìlì: 30 lọ́nà 30, 40 lọ́nà 40, 60 lọ́nà 60, títí dé 60 lọ́nà 120. Páálí 60 lọ́nà 60 sábà máa ń ní ẹyọ 4, èyí tó bo mítà onígun mẹ́rin 1.44. Ti 40 lọ́nà 40 kò dúró sójú kan. Bí ẹyọ 12 bá wà nínú rẹ̀, ó bo 1.92, bó bá jẹ́ 10, ó bo 1.6. Èyí tí wọ́n ṣe ní Àjàòkúta tàbí Ṣàgámù ń bá èyí tó ti òkè òkun wá du ọjà kan náà, nítorí náà ara páálí ni kí a ti ka iye rẹ̀, kí a má fi ti àná ṣírò ti òní.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan tí oòró rẹ̀ jẹ́ mítà 4, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 3.6, tó ní ilẹ̀kùn kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, kí a sì tẹ́ táìlì 60 lọ́nà 60 sí i. Mítà onígun mẹ́rin 14.4 ni ilẹ̀ náà. Pín in fún 1.44, páálí 10 géérégé ló jáde, ẹyọ 40. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀. Ìbú 3.6 yóò gba táìlì 6. Oòró mítà 4 yóò gba 6 odindi, yóò sì ku sẹ̀ǹtímítà 40 tí kò tó táìlì kan. Láti dí àyè náà, a ní láti gé táìlì odindi fún ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tó kù lára táìlì tí a gé 40 lára rẹ̀ jẹ́ 20 péré, kò sì lè dí àyè 40 mìíràn. Ẹyọ 7 lọ́nà 6 jẹ́ 42. Ẹyọ 2 ti lé.

Sìkátìn ló tẹ̀ lé e, ìyẹn táìlì tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 10 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri. Àyíká yàrá náà jẹ́ mítà 15.2. Bí a bá yọ ilẹ̀kùn kúrò, ó ku 14.3. Àwọn ègé 20 mẹ́fà tó ṣẹ́ kù yẹn kò níí ṣòfò. A ó là wọ́n sí méjì-méjì, wọn yóò di sìkátìn 12, mítà 7.2. Ó ku mítà 7.1, táìlì 2 tí a là sí mẹ́fà-mẹ́fà yóò sì kárí rẹ̀. Fi ẹyọ 1 kún un fún abẹ́ ilẹ̀kùn, àròpọ̀ di 45. Páálí 11 jẹ́ 44, kò tó. Páálí 12 ni a ó rà, ẹyọ 3 yóò sì ṣẹ́ kù fún èyí tó bá fọ́.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbi yìí. Òfin tí gbogbo ènìyàn ń kà lórí ni pé kí a fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún ohun tí ìṣirò bá sọ nítorí àdánù. Nínú yàrá tiwa yìí, ìdá 10 gbé wa dé páálí 11, kò sì tó iṣẹ́, bí táìlì kan ṣoṣo kò tilẹ̀ fọ́. Ẹ wá wo pálọ̀ tí oòró rẹ̀ jẹ́ 7.2, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 6, pẹ̀lú ilẹ̀kùn méjì. Táìlì 12 lọ́nà 10 ló wọ̀ ọ́ láìsí ègé létí, ẹyọ 120, páálí 30. Sìkátìn yóò gba 7, abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì yóò gba 2. Ó di 129, páálí 33. Ìdá 10 yẹn tó níhìn-ín, ẹyọ 3 sì ṣẹ́ kù. Kì í ṣe pé pálọ̀ tóbi nìkan. Ìwọ̀n rẹ̀ bá ìwọ̀n táìlì mu. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nígbà tí a bá pín gígùn ògiri fún gígùn táìlì ló ń sọ iye tí yóò ṣòfò. Bí ìyókù bá jẹ́ 30, táìlì kan di ìlà méjì, kò sí ohun tó sọnù. Bó bá jẹ́ 35 tàbí 40, gbogbo ìlà jẹ odindi kan. Yíyan táìlì 40 lọ́nà 40 fún yàrá mítà 4 lọ́nà 3.6 lè pa gígé run pátápátá, nítorí pé 10 lọ́nà 9 ni yóò jẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e náà ní tirẹ̀. Èyí tó ń fa ìlà lójú táìlì kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ kì í jẹ nǹkan kan. Abẹ ẹ̀rọ oníná máa ń jẹ nǹkan bí mìlímítà 2 níbi tó bá gbà kọjá, nítorí náà sìkátìn mẹ́fà tí a là láti ara 60 kò níí pé 10 kọ̀ọ̀kan. Àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ láàárín táìlì yóò sì mú kí ìlà ìkẹyìn dín díẹ̀. Bí onílé bá fẹ́ kí igun táìlì kojú ògiri, bí ojú dáyámọ́ǹdì, gbogbo etí yàrá yóò di onígun mẹ́ta, ìdá 15 ni àwọn oníṣẹ́ sì sábà máa ń fi kún un.

Àtẹ̀gùn yẹ kó ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ibi ìtẹ̀sẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, tí àtẹ̀gùn náà fẹ̀ tó 120, tí ìdúró rẹ̀ sì ga tó 15, táìlì 60 kan tí a là sí méjì tó ìtẹ̀sẹ̀, ààbọ̀ táìlì tó ìdúró. Ìgbésẹ̀ 16 yóò jẹ ẹyọ 24, páálí 6. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnu ìtẹ̀sẹ̀ yọ síta díẹ̀, tó di 32, táìlì kan kò lè bí ègé ìtẹ̀sẹ̀ méjì mọ́. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan di táìlì 2, àpapọ̀ di 32, páálí 8. Sẹ̀ǹtímítà 2 ló ra páálí 2.

Ohun tó wà lábẹ́

Táìlì kì í dá dúró. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ṣì ń tẹ́ ẹ lórí mọ́tà, ìyẹn símẹ́ǹtì àti yanrìn tí a pò pọ̀. Fún yàrá mítà onígun mẹ́rin 14.4 yẹn, bí mọ́tà bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, tí a sì fi símẹ́ǹtì 1 po yanrìn 4, yóò gba nǹkan bí kìlò 165 símẹ́ǹtì. Àpò 50 kìlò 4 ni a ó rà, ìyókù yóò wúlò fún omi símẹ́ǹtì tí wọ́n ń dà sí ẹ̀yìn táìlì. Yanrìn yóò tó nǹkan bíi bárò 7. Bí fúlọ́ọ̀ Jámánì, ìyẹn kọnkéré tó wà nísàlẹ̀, kò bá tẹ́jú, tí mọ́tà wá di sẹ̀ǹtímítà 5 kí táìlì lè dúró déédéé, símẹ́ǹtì yóò fò lọ sí àpò 6. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a na okùn láti ògiri sí ògiri kí a tó ra àpò kankan.

Àtè táìlì inú àpò kò nílò láti nípọn tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí kìlò 1.5 ni mítà onígun mẹ́rin kan ń jẹ fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan tó bá nípọn. Símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń dí àlàfo kéré gan-an: fún táìlì 60 tó nípọn tó mìlímítà 9, pẹ̀lú àlàfo mìlímítà 3, kìlò 2 tó ó ṣe gbogbo yàrá náà. Bí táìlì bá ti kéré ni àlàfo ń pọ̀, tí ohun ìdí náà sì ń pọ̀ sí i.

Irú ìṣirò báyìí ti wà ní Ilé-Ifẹ̀ kí símẹ́ǹtì tó dé. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà níbẹ̀, ìtàn Ifẹ̀ sì fi iṣẹ́ ńlá náà mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Awalẹ̀pìtàn Frank Willett bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé ní Ìta Yemòó, awalẹ̀pìtàn Peter Garlake náà bá a ní Ilẹ̀ Ọbalárá. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà ní ìdùbúlẹ̀. Lóòró ni wọ́n gún un, etí rẹ̀ sókè. Bí àpáàdì kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì nípọn tó 1, gígún un lóòró yóò jẹ ìlọ́po 5 iye tí ìdùbúlẹ̀ yóò jẹ. Ẹni tó ń kó àpáàdì jọ fún àgbàlá ọba ti ní láti mọ èyí lọ́kàn rẹ̀, kó tó rán àwọn èèyàn lọ sí ẹbu.

Kápẹ́ẹ̀tì àti rọ́ọ̀gì tí wọ́n ń ká jọ, tí a kì í kà ní ẹyọ bíi táìlì tàbí àpáàdì, ní ìlànà mìíràn. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ń darí ìṣirò, nítorí mítà gígùn ni wọ́n ń gé tà. Bí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà bá fẹ̀ tó mítà 2, yàrá 4 lọ́nà 3.6 yóò jẹ mítà 7.2 tí a bá tẹ́ ẹ ní ìbú yàrá, yóò sì jẹ mítà 8 tí a bá tẹ́ ẹ ní oòró. Bó bá ní àwòrán, ó di dandan kí ègé kejì gùn díẹ̀ sí i kí òdòdó lè bá òdòdó pàdé.

Lọ́jà

Kí a tó yí iye ẹyọ padà sí páálí, gbogbo yàrá tí yóò lo táìlì kan náà ni a ó kọ́kọ́ pa pọ̀. Bí a bá sún yàrá kọ̀ọ̀kan sókè sí páálí odindi, ẹyọ 2 tàbí 3 yóò máa ṣẹ́ kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé oníyàrá márùn-ún yóò sì ti ra páálí 2 tàbí 3 láìnídìí.

Ní ọjà bíi Ọ̀dúnadé ní Ọ̀rílé, l'Ékòó, páálí tó jọra lójú lè má jọra nínú. Nọ́ńbà ìsọ̀rí àwọ̀ àti ti ìwọ̀n wà ní ẹ̀gbẹ́ páálí, yàtọ̀ sí orúkọ àti nọ́ńbà àwòrán. Iná ààrò kì í jó bákan náà lójoojúmọ́, nítorí náà táìlì tí wọ́n sun lọ́sẹ̀ yìí lè fi díẹ̀ pọ́n ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tàbí kó fi mìlímítà kan tóbi jù ú. Lórí ilẹ̀ gbalasa, ojú rí i kedere. Ìdí tó lágbára jù lọ tí a fi ń ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyí, ó sì ṣe pàtàkì ju ìdínkù owó lọ. Kí a bá onítáìlì sọ ọ́ kí a tó sanwó pé páálí tí a kò bá ṣí ni yóò gbà padà, kí ó sì kọ ọ́ sára rìsíìtì. Kí a ṣí páálí tí igun rẹ̀ bá ti wó wò lójú ẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀.

Ìwọ̀n kan náà yìí ni wọ́n fi ń ṣírò owó iṣẹ́, mítà onígun mẹ́rin kan sí iye báyìí. Ilẹ̀ tí oníṣẹ́ tẹ́ ni ó yẹ kí a sanwó fún, kì í ṣe iye páálí tí a rà, kí onílé àti oníṣẹ́ sì jọ na téèpù náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Táìlì tó bá ṣẹ́ kù, kí a tò ó lóòró sí abẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú páálí tó ní nọ́ńbà rẹ̀ lára, nítorí ọjọ́ tí pọ́ńbà bá máa tú ilẹ̀ balùwẹ̀ láti wá páìpù tó ń jò.