Simeon Adébọ̀, olórí òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Olóyè Simeon Ọláòṣebìkan Adébọ̀ (1913–1994), ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, agbẹjọ́rò àti aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Òun ni Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní àkókò tí àwọn àgbà ṣì ń ròyìn títí dòní. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tàbí ilé tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ olórí ìjọba ẹkùn náà nígbà yẹn, ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olóṣèlú lè pàṣẹ tán kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan ní láti ṣírò owó rẹ̀, kí ó wá àwọn tí yóò ṣe é, kí ó sì ṣọ́ ọ kí wọ́n má jí i kó. Irú iṣẹ́ tí Adébọ̀ fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn.

Oṣù October 1913 ni wọ́n bí i. Ó lọ sí ilé-ìwé St. Peter's ní Aké àti Abẹ́òkúta Grammar School, kó tó lọ sí King's College l'Ékòó. Ní 1933 ó wọ iṣẹ́ rélùwéè. Ibẹ̀ ló wà tó ti ń kàwé fún oyè Yunifásítì London láìfi Nàìjíríà sílẹ̀, ó sì gba oyè B.A. ní 1939. Ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀ mọ́ ìwé kíkà rí yóò mọ ohun tí ìyẹn ń gbà lára ènìyàn. Ní 1941 ó fẹ́ Regina Abímbọ́lá Májẹ̀kódùnmí.

Ọdún kejì ìgbéyàwó yẹn, 1942, ni ìjọba amúnisìn gbà á sí ẹ̀ka ìṣàkóso, pé kó wá kọ́ṣẹ́ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nígbà náà. Àwọn ipò ńlá nínú iṣẹ́ ìjọba, ipò òyìnbó ni wọ́n ń pè wọ́n ní gbangba. Owó oṣù wọn, ilé tí wọ́n ń gbé àti ìsinmi wọn yàtọ̀ sí ti ọmọ ilẹ̀. Lóòótọ́, Henry Carr tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ti jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì Èkó láti 1918 sí 1924, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn bíi Adébọ̀ ló wá sọ ọ́ di ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1948. Kò fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láti lọ jẹ owó ẹjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹjọ́ l'Ékòó pọ̀ ju owó oṣù ìjọba lọ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rò.

Òfin ìpìlẹ̀ ti 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láàyè láti ní òṣìṣẹ́ ìjọba tirẹ̀. Lábẹ́ ètò tuntun yìí, Ìbàdàn, olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn, ni Adébọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù láyé rẹ̀. Ní 1957, ọdún tí Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀, ó di Akọ̀wé Àgbà ní ilé-iṣẹ́ ètò ìṣúná. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 kò dẹ́kun owó jíjẹ: olùkọ́ ń fẹ́ owó oṣù, àwọn ọmọ ń fẹ́ kíláàsì àti ìwé. Kòkó ni ẹkùn náà gbójú lé jù, owó kòkó kì í sì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá jókòó sórí àpò owó irú ìjọba bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ fún mínísítà pé owó kò tó, kó sì sọ ọ́ lọ́nà tí mínísítà yóò fi gbọ́.

Òfin tó de òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà kò ju èyí lọ: kó kọ òtítọ́ sínú fáìlì, ì báà dùn mọ́ ọ̀gá nínú, ì báà bí i nínú; bí ọ̀gá bá ti wá pinnu, kó ṣe é tọkàntọkàn, kó má sì bá ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lọ. Adébọ̀ bá ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣiṣẹ́ títí di ìparí 1959, ó sì bá ti Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1961, òun ni Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba. Àwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn lọ sílé, ọmọ Nàìjíríà sì ní láti bọ́ sí ipò wọn láìjẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ tó mọ̀ nípa ìṣàkóso gbà pé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wà lára èyí tó dára jù ní Áfíríkà nígbà yẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ní May 1962 ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú Afẹ́nifẹ́re (Action Group), tí Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá jọ wà, bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Íbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì. Ọdún yẹn kan náà ni Adébọ̀ lọ sí New York gẹ́gẹ́ bí aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó wà níbẹ̀ títí di 1967, lásìkò rògbòdìyàn Kóńgò àti ti Rhodesia. Láti 1968 sí 1972, ó di igbákejì akọ̀wé àgbà àjọ náà, ó sì ń darí UNITAR, ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwádìí rẹ̀. Ọwọ́ Gabriel d'Arboussier ará Senegal ló ti gba ipò náà, Davidson Nicol ará Sierra Leone ló sì fi lé lọ́wọ́.

Ibi tí mẹ̀kúnnù ti mọ orúkọ rẹ̀ jù ni ìgbìmọ̀ owó oṣù tí ìjọba Yakubu Gowon gbé kalẹ̀ ní 1970, tó sì fi í ṣe alága rẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọjà ti wọ́n, òfin ológun sì ti ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀. Ìgbìmọ̀ Adébọ̀ sọ gbangba pé ìyà tó ń jẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kọjá ohun tí ara lè gbà, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún òṣìṣẹ́ ní owó ìrànwọ́. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni kan kọ̀ láti san án, àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971. Nínú àbọ̀ ìkẹyìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà dá a lábàá pé kí wọ́n tún gbogbo ètò iṣẹ́ ìjọba yẹ̀ wò. Ìyẹn ló bí ìgbìmọ̀ Udoji. Àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji ni ayé ń rántí; ó dùn mí pé a gbàgbé ẹni tó lànà rẹ̀.

Láti 1975 sí 1977 ó ṣe alága Àjọ Tó Ń Bójú Tó Yunifásítì, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń dá àwọn yunifásítì tuntun sílẹ̀. Ilé ìkàwé kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó kú ní ìparí September 1994, ọjọ́ díẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 81. Ìwé méjì ló kọ nípa ayé rẹ̀: *Our Unforgettable Years* (1984) àti *Our International Years* (1988). Ẹ̀yin tí ẹ wà ní sẹkitéríàtì lónìí, láti Aláúsà dé Àgódì àti Òkè-Mosàn, ẹ wá èyí àkọ́kọ́ kà.