Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìtàn Ilé-Iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà àti Ìdàgbàsókè Rẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá a máa fi ìṣe nǹkan sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ yìí, àwọn baba wa wò ó, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kò ní etí tí yóò fi gbọ́ ohun tí ẹni tí ó jókòó tì í fẹ́ sọ. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà kì í ṣe àpárá lásán. Akéde tí ń lu agogo káàkiri ìlú, iṣẹ́ ọba ni ó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè tọ baálé rẹ̀ lọ, kí baálé tọ ìjòyè lọ, kí èsì sì dé ààfin. Àpótí yìí kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ lóye ìtàn ilé-iṣẹ́ rédíò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìbéèrè méjì ni kí a dì mú: ta ni ó ni ẹnu tí ń sọ̀rọ̀, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti fèsì?

Àpótí Ara Ògiri

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1932 ni BBC ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ayé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn gbé ètò náà dé inú ilé àwọn ará Èkó. Kì í ṣe rédíò tí olúkúlùkù lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ó ti wù ú. Wáyà ni wọ́n fà láti ibùdó kan lọ sí ilé àwọn tí ń san owó rẹ̀, wọ́n sì so wáyà náà mọ́ àpótí kékeré kan lára ògiri. Redifúṣọ̀n ni a ń pè é. Onílé lè dín ohùn rẹ̀ kù, ó lè mú un lọ sókè, ó sì lè pa á. Ṣùgbọ́n kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Redifúṣọ̀n dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, ó sì dé Kánò ní ọdún 1944. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà, àpótí yìí wà lára ohun tí ìjọba fi ń tan ìròyìn ogun kálẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1949, a rán Turner àti Byron láti wo bí a ṣe lè dá ètò rédíò gidi sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Láti inú iṣẹ́ wọn ni Nigerian Broadcasting Service, tí a gé kúrú sí NBS, ti jáde ní ọdún 1951. Tom Chalmers, tí ó ti BBC wá, ni ó jẹ́ olórí rẹ̀. Nísinsìnyí rédíò ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, kò dúró de wáyà mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba amúnisìn ni ẹnu rẹ̀ ṣì wà.

Ìjà Lórí Èsì

Ọdún 1953 ni ọ̀rọ̀ èsì di ìjà gbangba. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, Anthony Enahoro dá àbá ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò gbà. Ọ̀rọ̀ dàrú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti NCNC sì jáde kúrò nínú ilé. Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó di ẹ̀bi ru àwọn Action Group. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà lo rédíò kan náà láti fèsì, wọn kò gbà fún un.

Àwọn àgbà sọ pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn olórí Ìwọ̀-Oòrùn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Òfin ìjọba ọdún 1954 fún àwọn agbègbè láyè láti ní ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, rédíò WNBS sì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí Ìlà-Oòrùn àti Àríwá fi dá tiwọn sílẹ̀. Èsì kan ṣoṣo tí a fi du ẹnì kan ni ó bí ọ̀pọ̀ ẹnu wọ̀nyí.

Ìjọba àpapọ̀ náà kò dúró lójú kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1957, NBS di Nigerian Broadcasting Corporation, NBC. Èrò tí ó wà nídìí àyípadà náà ni pé kí ilé-iṣẹ́ yìí máa ṣe ojúṣe rẹ̀ láìgbè sápá kan, gẹ́gẹ́ bí BBC tí a fi ṣe àwòkọ. Victor Badejo ni ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ di olùdarí àgbà rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1962 ni NBC bẹ̀rẹ̀ Voice of Nigeria, tí ń bá àwọn ará òkè òkun sọ̀rọ̀.

Èdè Yorùbá jèrè púpọ̀ nínú ìdíje yìí. Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ ní WNTV. Láńrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ jẹ́ akéwì tí rédíò gbé ohùn wọn dé abúlé tí ìwé kò dé. Bí a bá ń kọ́ ewì àpilẹ̀kọ ní kíláàsì, kò yẹ kí a gbàgbé pé etí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

Ẹni Tí Ó Gba Ẹnu

Agbára tí ń bẹ nínú asọ̀rọ̀mágbèsì kò pamọ́ fún àwọn ológun. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, rédíò Kàdúná ni Májọ̀ Chukwuma Nzeogwu fi kéde ìdìtẹ̀ gbàjọba. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, ọjọ́ tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, rédíò ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí ni Buka Suka Dimka gbà. Ibẹ̀ náà ni Májọ̀ Gideon Orkar ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1990. Àwọn méjèèjì tí wọ́n sọ̀rọ̀ ní Ìkòyí kò rí ìjọba gbà, síbẹ̀ gbogbo ilẹ̀ mì tìtì nítorí ohùn tí a gbọ́. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ìjọba ológun tún ilé-iṣẹ́ náà tò. A yọ tẹlifíṣọ̀n sọ́tọ̀ fún NTA. Ní ọdún 1978, NBC di Federal Radio Corporation of Nigeria, FRCN, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Radio Nigeria. Èkó, Ìbàdàn, Enúgu àti Kàdúná ni àwọn ibùdó ńlá rẹ̀.

Àgbójú àti Ìlú Festac

Kí a tó ṣe àtúntò yìí ni àjọ̀dún FESTAC wáyé, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Nítorí àwọn àlejò àjọ̀dún náà ni ìjọba ṣe kọ́ ìlú Festac sí Amúwò, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì, tí Àgbójú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà Badagry. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìbò ni a dì pín èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Ẹ̀dó àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣe di aládùúgbò ara wọn.

Èdè wo ni kí rédíò orílẹ̀-èdè fi bá irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀? Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè tó, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yé, kò lè fèsì rẹ̀. Ìdí nìyí tí Bond FM, ibùdó FRCN ní Èkó, fi ń lo Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti pijin. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ láti ọdún 1977, Radio Lagos sì fi èdè Yorùbá ṣe olórí ètò rẹ̀.

Ní ọdún 1992, òfin kan gba aládàáni láyè láti dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sílẹ̀. Raypower bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994. Láti ọdún 2001 tí tẹlifóònù alágbèéká ti tàn kálẹ̀, ẹni tí ń tajà ní Àgbójú lè pe ètò orí afẹ́fẹ́ láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí gbogbo Èkó gbọ́ ohun tí ó rò.

Àgbálọgbábọ̀

Ǹjẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì báyìí? Ó ń gbà á, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni. Atọ́kùn ètò ni ó ń pinnu ìgbà tí yóò já ìpè, ìjọba àpapọ̀ ni ó sì ń yan olùdarí àgbà FRCN. Ohun tí ọdún 1953 kọ́ni kò tí ì di àfìsẹ́yìn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò má ṣe há ọdún 1935, 1951, 1957 àti 1978 sórí lásán. Kí ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè pé: ní ọdún yìí, ta ni ó sọ̀rọ̀, ta ni wọ́n sì pa lẹ́nu mọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí a lè fi mọ bí rédíò Nàìjíríà ti dàgbà tó.