Bí Ìfúnpá Omi Ṣe Ń Tàn Nínú Ilẹ̀ Àríwá Èkìtì

Bí ẹnìkan bá da kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 sínú ihò kànga ẹ̀rọ tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 15, omi inú ihò náà yóò ga sókè ju mítà kan lọ lójú ẹsẹ̀. Bó bá da iye omi kan náà sínú kànga àfọwọ́gbẹ́ tó fẹ̀ ní mítà kan, omi rẹ̀ kò ní fi sẹ̀ntímítà mẹ́ta ga. Gíga tí omi ga yìí ló ń ti ilẹ̀, kì í ṣe pípọ̀ rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí ìfúnpá bẹ́ẹ̀ ṣe ń tàn tó sì ń rọlẹ̀ nínú irú ilẹ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn.

Àpáta àtayébáyé, irú bíi gneiss àti granite, ló tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, yangí pupa ló wà lókè, amọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àpáta tó ti rà tó sì ti di oníyanrìn, kí a tó kan àpáta líle tó lanu níbì kan tí kò lanu níbòmíràn. Àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì mọ ìwà amọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ: kì í yára tú omi inú rẹ̀ sílẹ̀, bí a bá sì fi ipá gbẹ ẹ́, a sán. Omi lè ráyè kọjá nínú yanrìn ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan ju ti inú amọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìfúnpá fi lè rọlẹ̀ kíá nínú yanrìn, tí yóò sì há sínú amọ̀ fún oṣù tàbí ọdún.

Henry Darcy ló kọ́kọ́ wọn bí omi ṣe ń gba inú yanrìn kọjá, nílùú Dijon ní Faransé, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1856. Ní 1925, Karl Terzaghi ṣàlàyé pé ẹrù tó bá wà lórí ilẹ̀, omi àti hóró ilẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé e. Bí omi bá ti ń sá jáde, hóró ilẹ̀ ni ẹrù ń bọ́ sí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, iṣẹ́ Charles Theis ní 1935 ló wúlò jù fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga lọ́dọ̀ wa. Ó rí i pé ìfúnpá omi ń tàn nínú ilẹ̀ bí ooru ṣe ń tàn nínú irin. Láti inú òfin yìí la ti mọ̀ pé bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, àkókò tí ìfúnpá yóò lò yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àkókò a di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé ìfúnpá ń sáré ju omi fúnra rẹ̀ lọ. Nínú pàlàpálá àpáta, kànga aládùúgbò lè mọ̀ ọ́n lára láàárín wákàtí díẹ̀ pé wọ́n tan pọ́ǹpù, nígbà tí omi tó wà lẹ́bàá pọ́ǹpù náà kò tíì rìn ju mítà díẹ̀ lọ. Nítorí náà, kànga méjì tó ń fa ara wọn lómi lè wà lórí pàlàpálá kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra.

Ní ti àpáta, Maurice Lugeon gbé ìdánwò kan kalẹ̀ ní 1933 tí àwọn ẹnjiníà dáàmù ṣì ń lò. Wọ́n á dí apá kan ihò, wọ́n á fi ìfúnpá ìlọ́po mẹ́wàá ti afẹ́fẹ́ ti omi sínú rẹ̀. Bí àpáta bá gba lítà kan ní ìṣẹ́jú kan fún mítà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n Lugeon kan nìyẹn. Nídìí dáàmù bíi ti Ìtàpájì àti ti Èrò ní Ìkun-Èkìtì, omi tí a sé fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ohun tí irú ìdánwò yìí ń sọ ni ibi tó yẹ kí a fi sìmẹ́ǹtì dí.

Dídá pọ́ǹpù dúró kò ní kí ìfúnpá dúró. Lẹ́bàá Denver ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń da omi ẹ̀gbin sínú ihò tó jìn ju 3,600 mítà lọ láti 1962. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n dáwọ́ dúró ní 1966, síbẹ̀ ọdún 1967 ni ilẹ̀ mì jù, nítorí ìfúnpá ṣì ń tàn lọ lábẹ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi kò lè fa irú èyí ní Èkìtì, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń darí méjèèjì.

Fún àwa níhìn-ín, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ni sókàwéè àti kànga ẹ̀rọ. Ilẹ̀ gbígbẹ inú ẹ̀ẹ̀rùn máa ń fa omi mu kíákíá. Ẹni tó bá dán ihò sókàwéè wò ní oṣù kejì láìkọ́kọ́ rẹ ẹ́ dáadáa yóò rò pé ilẹ̀ náà dára, omi á sì kún padà sí i lójú ní oṣù kẹsàn-án. Ní ti kànga, M. Juul Hvorslev fi hàn ní 1951 pé, láti mọ bí omi ṣe ń ráyè kọjá nínú ilẹ̀ ibẹ̀, ó tó kí a da omi sí i, kí a sì wọn àkókò tí yóò fi rọlẹ̀ di ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún gíga tí a fi kún un. Okùn onídíwọ̀n àti aago ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó tán fún agbẹ́kànga tí kò fi àkọsílẹ̀ irú ìdánwò yìí sílẹ̀. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó-Òsì, Mọ̀bà àti Ìléjeméje máa gba àkọsílẹ̀ náà jọ. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Ìkọ̀lé. Ibẹ̀ ló yẹ kí a kó o pamọ́ sí.