Kaneshie àti Adágún Weija: Ilẹ̀ Tó Mì, Omi Tó Ń Ṣàn

Ní alẹ́ ọjọ́ 22, oṣù Òkúdù, ọdún 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra. Ó kéré tán, ènìyàn 17 ló bá a lọ. Ògiri wó láti àdúgbò dé àdúgbò, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sùn ní gbangba. Ìjọba amúnisìn wá ilẹ̀ sí apá ìwọ̀ oòrùn ìlú, wọ́n kọ́ ilé sí i fún àwọn tí ilé wọn ti wó. Bí Kaneshie tí a mọ̀ lónìí ṣe di àdúgbò ńlá nìyẹn.

Àwọn Gà, onílẹ̀ Accra, ló ni orúkọ Kaneshie. "Kane" ni àtùpà, "shishi" ni abẹ́. Abẹ́ àtùpà: wọ́n ní àwọn tó ń pàtẹ lálẹ́ ló fà á.

Kò tíì sí ẹni tó lè sọ ìtàn Kaneshie tán láìdé Weija. Ìlà méjì tí ilẹ̀ ti sán nísàlẹ̀ pàdé ní agbègbè Weija àti Nyanyano, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ ti máa ń mì jù ní ẹ̀bá Accra. Ní 1862 pẹ̀lú, ilẹ̀ ti mì tó bẹ́ẹ̀ tí ó ba Accra jẹ́. Weija yìí kan náà ni omi ẹ̀rọ Kaneshie ti ń wá. Ibi tí ilẹ̀ ti ń mì ni omi mímu ń gbà wá.

Odò Densu ló bí adágún náà. Orí òkè Atewa ló ti ṣẹ̀, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí etí òkun. Ní nǹkan bí 1914 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi rẹ̀ wọ Accra láti Weija. Ní 1952, wọ́n fi dáàmù sé e. Ìkún omi ọdún 1968 gbé dáàmù náà lọ, ó sì di 1978 kí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí tó parí. Adágún tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 14. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lórí òkè nígbà tí oòrùn ń wọ̀ kò ní rántí kọnkéré.

Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Ní ibùdókọ̀ Kaneshie, àwọn mate, ìyẹn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ akérò trotro, kì í sinmi: "Kasoa, Kasoa, Kasoa!" Ọkọ̀ yóò gba Mallam kọjá, tí ó bá dé Weija, kí èrò wo ọwọ́ ọ̀tún. Omi yóò yọ láàárín àwọn ilé. Ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja wà lórí rẹ̀, ilé tuntun sì ń gun orí òkè tó yí i ká lọ́dọọdún.

Kasoa ló kàn. Etí Yorùbá tó bá gbọ́ Hausa díẹ̀ yóò dá orúkọ náà mọ̀: kasuwa, ọjà. Nítòsí rẹ̀ ni Buduburam, níbi tí àwọn tó sá ogun Làìbéríà dó sí ní 1990. Ní etí òkun ni Senya Beraku, ibi tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì kọ́ odi sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700. Wúrà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, ẹrú ni wọ́n padà kó sínú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni Ìrètí Rere! Kí ẹni tó bá wọ yàrá ìsàlẹ̀ ibẹ̀ má ṣe kánjú jáde.

Iwájú sí i ni Winneba, tí àwọn onílé ń pè ní Simpa. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Ẹ̀bìbí, ẹgbẹ́ jagunjagun ìbílẹ̀ (asafo) méjì, Tuafo àti Dentsifo, máa ń wọ igbó lọ du ìgalà. Láàyè ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú un, ọwọ́ lásán ni. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbé e wọ̀lú ló borí. Aboakyer ni ọdún náà ń jẹ́.

Tí àlejò bá padà sí Kaneshie, kó wọ ilé ọjà ńlá ibẹ̀, oúnjẹ nísàlẹ̀, aṣọ lókè. Kó béèrè ọṣẹ dúdú. "Alata samina" ni wọn yóò pè é: samina ni ọṣẹ, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tó ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18, oṣù Bélú, 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà fi ìsọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti lọ kí ilé ọjà yìí tó dìde, síbẹ̀ orúkọ wa kù sára ọṣẹ.

Nígbà tí òjò bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí dáàmù Weija kó má baà tún wó, omi a sì ya wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilẹ̀ rà ní Tetegu tàbí Oblogo nísàlẹ̀ odò náà, ẹ má wò ó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ nínú oṣù Òkúdù, lẹ́yìn òjò, kí ẹ tó sanwó.