Bí Ọjà Íńdíà Ṣe Dé Àkókó Ṣáájú Ará Íńdíà

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ojú kan ará Íńdíà ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó, ohun tí ó ti inú òkun Íńdíà jáde ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú ọjà ibẹ̀. Nítorí pé owó ẹyọ tí àwọn baba wa fi ń ná ọjà, tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó, tí wọ́n sì fi ń bọ Ajé Ògúgúlùsọ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣà ní etí òkun tiwa. Maldives ni ó ti wá, àwọn erékùṣù kéékèèké tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn oníṣòwò Bengal ti ń kó ìrẹsì lọ fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ àwọn Potogí, ti àwọn ará Họ́lándì àti ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń kó o yí gbogbo Áfíríkà po lọ sí Yúróòpù, kí wọ́n tó tún kó o padà wá sí Àjùdá àti Àgbádárìgì. Ogójì ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sí okùn kan nígbà náà. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ẹrù tí ń tẹ alágbára lọ́rùn.

Ẹ̀jẹ̀ wà lára owó náà, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1600 títí dé 1800, aṣọ òwú láti Gujarat àti láti etíkun Coromandel wà pẹ̀lú ẹyọ nínú àwọn ọjà tí Òyìnbó fi ń ra ẹrú ní èbúté wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ahunṣọ tí kò gbọ́ orúkọ wa rí, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sídìí òfì rẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, ni ó hun aṣọ tí wọ́n fi mú ọmọ wa lọ.

Àkókó náà sì mọ oró ìkónilẹ́rú dáadáa. Láyé ogun, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà a máa kọlu àwọn ìlú náà, wọn a sì máa gba ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìsákọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi sá di òkè àti àpáta, tí òkè gàgàrà bí irú ti Ọ̀kà fi di odi tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ mọ. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní 1897 ni ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ènìyàn lọ́rùn. Ní 1904, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de kíkó ẹyọ wọ̀lú, ṣílè àti kọ́bọ̀ sì gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Oríta ni Ìkàrẹ́ wà: ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ọ̀nà Kàbà àti ọ̀nà Òkènè ni ó pàdé níbẹ̀. Àwọn obìnrin Ẹ̀bìrà a máa gbé aṣọ híhun wọn wá, àwọn obìnrin Àkókó a sì máa hun kíjìpá, aṣọ tí ó ki, tí ó sì lálòpẹ́, lórí òfì òró. Nítorí náà, ojú tí ó mọ aṣọ ni aṣọ òkèèrè bá pàdé nígbà tí àwọn òṣómàálò, Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọwá ọmọ ẹkùn, ń gbé e káàkiri, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde.

Ní àkókò yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò Íńdíà fúnra wọn ń tẹ̀dó sí Èkó. Ará ilẹ̀ Sindh ni ọ̀pọ̀ nínú wọn; ilé iṣẹ́ Chellaram dé ní 1923. Nígbà tí a pín Íńdíà sí méjì ní 1947, Sindh bọ́ sọ́wọ́ Pakistan, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ibẹ̀ sì di ẹni tí kò rí ilé baba padà sí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi àjò ṣe ibùsọ̀ ni ó wá fi í ṣe ilé.

Ọ̀tọ̀ ni ti Durban ní Gúúsù Áfíríkà. Alágbàṣe oko ìrèké ni àwọn ará Íńdíà tí ọkọ̀ Truro kọ́kọ́ kó dé ibẹ̀ ní 1860; nígbà tí ọdún àdéhùn wọn pé, ọ̀pọ̀ wọn yá oko, wọ́n gbin ẹ̀fọ́, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀, títí wọ́n fi ní ọjà tiwọn ní òpópónà Victoria ní 1910, ọjà olóòórùn ata àti èròjà ọbẹ̀, tí iná jó ní 1973, tí wọ́n sì tún kọ́ lẹ́yìn náà.

Èkó kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì rí sí i ni pé ọjà tiwa ti ní ìyálọ́jà kí àlejò tó dé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran: ará Íńdíà lè kó dámáskì àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún inú ilé ìtajà, ṣùgbọ́n obìnrin ọjà Jánkárà àti Balógun ni ó mọ èyí tí wọn yóò fi ṣe aṣọ ẹbí níbi ìsìnkú arúgbó, alájàpá tí ó gba Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kọjá nínú ọkọ̀ akẹ́rù ni ó sì mọ iye tí àgbẹ̀ Ọ̀kà lè san bí kòkó bá tà, àti ẹni tí a lè tà fún láwìn di ìgbà ìkórè. Ìmọ̀ wọn yìí ni mo kà sí òpó ìṣòwò náà, a kò sì yìn wọ́n tó fún un.

Nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin ní 1972 pé kí a fi ìṣòwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àwọn àlejò Èkó kọjú sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní ọjà Ìkàrẹ́, kò sí ìṣọ̀ aṣọ tí òfin náà ní láti gbà lọ́wọ́ àlejò fún onílé, nítorí pé àwọn ìyá wa ni ó ń jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀.