Ta Ló Láṣẹ Láti Yí Òfin Ayò Padà?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ọ̀pẹ bá ní kí wọ́n yí òfin ayò padà, ẹ̀rín la ó fi rín in. A ó ní ìyà tó ń jẹ ẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ ọ̀ta fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ńkọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì ní àwọn ọdún 1920 nìyẹn. José Raúl Capablanca, ọmọ Havana ní Kúbà, gba adé ayé lọ́wọ́ Emanuel Lasker ará Jámánì ní 1921. Ìgbà 14 ni wọ́n ta á. Capablanca pa 4, 10 tó kù sì jẹ́ ọ̀mì. Ọ̀mì yìí ló ń kọ ọ́ lóminú. Ó ń bẹ̀rù pé bó bá yá, àwọn ọ̀ta yóò mọ ayò náà dé ibi tí ẹnì kan kò ní lè pa ẹnì kejì mọ́.

Oògùn tó wá sí i nìyí: ó fẹ pátákó láti ojú 64 sí 80, ó sì fi oríṣi ọmọ ayò tuntun 2 kún un. Ọ̀kan ń jẹ́ Chancellor: ó ń rìn tààrà bí ilé-ìṣọ́, ó sì tún ń fò bí ẹṣin. Èkejì ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà: ó ń gba igun sí igun bíi bíṣọ́ọ̀bù, òun náà sì ń fò bí ẹṣin.

Ẹ má rò pé òun ló kọ́kọ́ rò ó o. Àlùfáà Pietro Carrera, ọmọ Sísílì, ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ní 1617. Henry Bird, ará Ìlú Ọba, tún gbé e dé ní 1874. Kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní 1927, ní Buenos Aires, Alexander Alekhine gba adé lọ́wọ́ Capablanca. Ìgbà 34 ni wọ́n ta á, ọ̀mì 25! Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán? Síbẹ̀, àwọn aráyé kò gba òfin rẹ̀.

Kí ló fà á? Lójú tèmi, ẹrù rẹ̀ ló wúwo jù. Láyé àtijọ́, olorì inú ṣẹ́ẹ̀sì kì í rìn ju ojú 1 lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ọdún 1500 tó pé, wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní Sípéènì, ó sì di alágbára jù lọ lórí pátákó. Ìyẹn mú, nítorí kò sẹ́ni tó ní láti ra pátákó mìíràn tàbí kó gbẹ́ ọmọ ayò tuntun. Ọgbọ́n yìí kan náà ló wà nínú òfin tí Bobby Fischer ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1996, ní Buenos Aires yẹn náà. Pátákó kò yí padà, ọmọ ayò kò yí padà. Kèké ni wọ́n kàn ń ṣẹ́ láti mọ bí ìlà ẹ̀yìn yóò ṣe tò. Ní 2019, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé fọwọ́ sí ìdíje àgbáyé fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòfin nílé, lẹ́gbẹ́ àti nílùú, ẹ gbọ́ o. Ọ̀ta lè rí àléébù òfin kí gbogbo wa tó rí i. Ṣùgbọ́n àwa ọ̀pẹ la pọ̀ jù nídìí ayò, ohun tí apá wa bá sì ká ni yóò dòfin.